Oògùn Mẹ́rin fún Ọkàn Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Oògùn mẹ́rin ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́. Mo ní kí dókítà tún un kà, bóyá ó ṣì í kà ni. Kò ṣì í kà. Mẹ́rin fún ọkàn kan ṣoṣo. Ọ̀kan á máa fa omi kúrò lára, ọ̀kan á máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀, ọ̀kan á máa dín eré tí ọkàn ń sá kù. Ìkẹrin rèé, ó láwọ̀ ìyeyè, kò tó èékánná ọmọdé, wọ́n ní òun á máa ran ọkàn lọ́wọ́. Mo bèèrè pé ìrànlọ́wọ́ wo nìyẹn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa ṣàlàyé fún wa díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ẹni tó bá ní díẹ̀díẹ̀ lòun á máa sọ̀rọ̀, ó ní èyí tó fẹ́ fi pamọ́.

Wọ́n ní iṣan ọkàn ọkọ mi ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré. Ẹni tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní ẹrù á ti bàjẹ́ tán kó tó gbé e débẹ̀, ọkàn tirẹ̀ ló wá ń sáré. Mo sọ ọ́ fún un nínú takisí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo ti kó gbogbo wọn sínú agolo bisikíìtì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá wa. Èmi ni màá máa fún un. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti ìdájí. Igi tí wọ́n já fún wa lánàá tutù rin, èéfín ló ń rú, ààrò ò gbóná. Búrẹ́dì àkọ́yọ pọ́n lẹ́yìn, inú rẹ̀ ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ọwọ́-Irin tó ń bá mi po ìyẹ̀fun ní ká tà á bẹ́ẹ̀, pé ebi kì í mọ èyí tó jiná. Mo wò ó títí ó fi kó wọn sẹ́yìn. Owó ìyẹ̀fun tún ti gun òkè, oníyẹ̀fun ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ mi obìnrin, dé lọ́sàn-án pẹ̀lú báàgì ńlá méjì, ó ní òun gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n òun ò yá, òun wá ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Mo ti bímọ mẹ́rin nínú ilé yìí, irun orí mi ti funfun, ìyàwó náà ṣì ni mí. Mo kí i dáadáa, mo bu omi fún un, mo gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Wọ́n wúwo. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Báàgì méjì kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ìtọ̀, ìtọ̀, ìtọ̀. Mo ra pó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó rìn láti yàrá dé ìdí ààrò lónìí, ó dúró sinmi lójú ọ̀nà. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń wo bí a ṣe ń gé e, ó ń sọ fún Ọwọ́-Irin pé gígé rẹ̀ ò dọ́gba. Ara mi yá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ó di ògiri mú, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Mo gbé etí lé e láyà nígbà tó dùbúlẹ̀. Ọkàn náà ń lù, ṣùgbọ́n ó rọra ń lù jù. Oògùn tó ń dín eré kù yìí, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣiṣẹ́, a mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ mi ní kí n yé fetí lé òun láyà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ilé kejì.

Oògùn tí wọ́n fún wa ní ọsibítù, ti ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Eyínfúnjowó ló bá wa lọ ra ìyókù. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ní èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Eèrà.

Mo fẹ́ gbé pó jáde láàárọ̀, mo rí i tí wọ́n tò láti ìdí ògiri, wọ́n ṣù bo etí pó náà bíríkítí. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ìyá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ibi tí eèrà bá ti ń du ìtọ̀, ṣúgà ń bẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi wò ní ọsibítù, wọ́n ní kò ní àtọ̀gbẹ. Ojú mi ló sì ṣe. Níbo ni ṣúgà ti wá?

Mo mú páálí oògùn kọ̀ọ̀kan lọ bá oníkẹ́míìsì. Ó gbé oníyeyè wò, ó ní, “Èyí? Oògùn àtọ̀gbẹ ni, màmá.” Ó tún wá yára fi kún un pé wọ́n ti ń lò ó fún ọkàn náà báyìí. Mo rí bó ṣe yára. Mo bi í pé ṣé òun gan-an ló tà á fún àbúrò ọkọ mi, ó ní òun ni, pé obìnrin tó lẹ́nu dídùn yẹn. Mi ò rán an kó lọ ta ẹnu dídùn níbẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé páálí náà ka iwájú dókítà. Mo ní ọkọ mi ò ní àtọ̀gbẹ, kí ló dé tí wọ́n fún un ní oògùn àtọ̀gbẹ? Mo rò pé ojú rẹ̀ á yẹ̀. Kò yẹ̀. Ó ní oògùn náà gan-an lòun kọ fún un. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní búrẹ́dì ni, igi la sì fi ń yan án. Ó ní ó dáa, òun á bá mi sọ ọ̀rọ̀ igi.

Ó ní iṣan ẹsẹ̀ máa ń sinmi, iṣan ọwọ́ máa ń sinmi, ọkàn nìkan ni kò mọ ìsinmi, nítorí náà kò sígbà tí kì í jẹun. Kò sì ní àká tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé kọjá ló ń mú jó. Ọ̀rá ló ń jó jù, ó ń jó ṣúgà pẹ̀lú, kì í yan oúnjẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣàìsàn, kò ní mọ bó ṣe ń jó o dáadáa mọ́. Oúnjẹ á yí i ká, ebi á sì máa pa á. Ó ní kí n ronú nípa ààrò tí igi tutù kún inú rẹ̀. Mi ò ní láti ronú jìnnà. Ó ní oògùn tó ń dín eré kù ń jẹ́ kí ọkàn ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, kó má máa ná ju èyí tó ń wọlé lọ. Oníyeyè ní tirẹ̀ ń mú kí kíndìnrín da ṣúgà díẹ̀ nù sínú ìtọ̀, omi sì ń bá a lọ. Bí ara bá rí i pé ṣúgà ń lọ, á yíjú sí ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ á wá yọ ohun kan látinú ọ̀rá náà tó ṣeé ṣe kó rọ ọkàn aláìsàn lọ́rùn láti jó. Ó ní igi gbígbẹ nìyẹn.

Mo ní ṣé ó dá a lójú pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

“Màmá, ó dá wa lójú pé ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn bíi bàbá pẹ́ láyé, kí wọ́n má sì máa pààrà ibí. Bó ṣe ń ṣe é gan-an nínú ọkàn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.”

“Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n tán, ẹ wá ń fún èèyàn lò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá.”

Kò tijú rárá. Ó ní kí n máa wọn ọkọ mi láràárọ̀, tó bá wúwo lójijì ká máa bọ̀, kí n má sì dá oògùn kankan dúró láì sọ fún òun. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pè é ní bàbá, ó ti rà á tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ò yan búrẹ́dì lónìí. Òjò dá díẹ̀, mo ní kí Ọwọ́-Irin tú igi sóòrùn.

Mò ń ráhùn pé wọ́n ń fi ohun tí wọn ò mọ̀ wo èèyàn. Ọkọ mi bi mí pé ṣé èmi mọ ohun tí yíìsì ń ṣe nínú ìyẹ̀fun tí mo fi ń kó o sí i láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Mo ní mo mọ̀, ó ń jẹ ṣúgà, ìyẹn ló fi ń wú. Ó ní ó dáa, òun gbà fún mi. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Kò tán lọ́kàn mi.

Tí mo bá dín ṣúgà ìyẹ̀fun kù, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Á sùn sínú agolo bí ẹni tó ṣe wàhálà, tó bá jiná á le gan. Ìyẹ̀fun ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò gbé nǹkan kan rí. Ọkàn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn odindi láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Wọ́n wá ń bu ṣúgà rẹ̀ dà nù. Agbára ọkọ mi ni eèrà ń jẹ nínú pó yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó de bẹ́líìtì rẹ̀ láàárọ̀, ihò tó kẹ́yìn ò mú un mọ́. Ó ní kí n bá òun fi ìṣó lu òmíràn. Mo lù ú. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú ṣẹ́ẹ̀tì bí ọrùn ọmọ ilé ìwé. Ẹni tí mo mọ̀ tó ń dá gbé àpò ìyẹ̀fun sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀.

Eyínfúnjowó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́ tún di ọ̀dọ́. Kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo kó oògùn alẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo yọ oníyeyè sẹ́yìn. Mẹ́ta ni mo fún un, mo sì fi ṣúgà kún tíì rẹ̀ dáadáa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò sí eèrà kankan. Mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ìdí pó yíká. Ẹyọ kan péré ni mo rí, òun náà ń kọjá lọ ni.

Búrẹ́dì dára lónìí, ó tà tán kó tó di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti ń sanra padà! Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò ìyẹ̀fun, ó wúwo ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó ti padà sí ihò bẹ́líìtì tó wà tẹ́lẹ̀. Mo yan búrẹ́dì aládùn kékeré kan fún un lọ́tọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Ó ń wò mí nígbà tó ń jẹ ẹ́. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí.

Dókítà ní tó bá wúwo lójijì ká wá. Èyí kì í ṣe òjijì. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ báàgì méjì.

Mo kúrò nídìí ààrò kí n lọ mú aṣọ ìnuwọ́, mo bá Eyínfúnjowó nínú yàrá wa. Ó ti gbé agolo bisikíìtì mi sọ̀kalẹ̀, ó tú páálí oníyeyè sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà wọ́n. Mo ní kí ni wọ́n ń wá. Ó ní, “Ìyàwó mi, mo ní kí n wò ó bóyá ó ti fẹ́ tán, kí n tètè lọ ra òmíràn.” Ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò bá a sọ ọ́. Mo ní ẹ ṣé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣèyọnu mọ́, oògùn ọkọ mi ò sí lára iṣẹ́ tí ẹ wá ràn mí lọ́wọ́ ṣe. Ó kó wọn padà sínú agolo. Ó ní, “Ó dáa, ìyàwó mi,” ó sì jáde.

Mo ti gbé agolo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ra kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Eyínfúnjowó àti ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo yọ sí wọn, wọ́n dákẹ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè igi. Ta ló ń béèrè igi lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí?

Mo ti rò ó, mo ti tún un rò. Bàbá wọn ló ni ilẹ̀ tí ààrò mi wà lórí rẹ̀. Tí ọkọ mi bá lọ, mi ò mọ ẹni tó máa pàṣẹ lórí rẹ̀. Mi ò fẹ́ ronú bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ó ṣì ń rẹ ọkọ mi. Kò rìn dé ìdí ààrò lónìí rárá. Oníyeyè ò sí nínú rẹ̀ mọ́, kí ló tún ń rẹ̀ ẹ́? Oògùn tó ń dín eré kù nìkan ló kù tó lè jẹ́. Láti alẹ́ yìí, ìdajì ni màá máa fún un. Mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń gé ìyẹ̀fun gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Bàtà rẹ̀ ò wọ ẹsẹ̀. Mo ní òjò ló jẹ́ kí bàtà náà sún kì. Ó ní bóyá.

Ó ní òun fẹ́ràn kí òun máa sùn lórí àga báyìí, pé ẹ̀yìn ló ń dun òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wúkọ́. Gbogbo ilé ló tutù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ọsibítù. Mò ń kọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù.

Agolo kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ààrò ni mo gbọ́ igbe Eyínfúnjowó. Ọkọ mi wà lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú, ó ń fa èémí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lódò. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí n fi bàtà sí i, ìka mi wọ inú ẹran ara rẹ̀, ó fi ihò sílẹ̀ bí ìgbà tí a bá tẹ ìyẹ̀fun. Mo wo ihò náà. Kì í ṣe ara ló ń sanra. Omi ni. Omi ni mò ń gbé sórí òṣùwọ̀n láti ọjọ́ yìí tí mò ń yọ̀.

Ọwọ́-Irin gbé e sẹ́yìn lọ sínú ọkọ̀. Búrẹ́dì jóná tán sínú ààrò, wọ́n ní èéfín rẹ̀ dé òpópónà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Dókítà bi mí pé ṣé ó ń lo gbogbo oògùn rẹ̀. Eyínfúnjowó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ilẹ̀. Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni, dókítà ì bá sì gbà. Mo rí ọkọ mi láti ojú gíláàsì, rọ́bà nímú, rọ́bà lọ́wọ́.

Mo ní, “Èmi ni mo yọ ọ́. Mo yọ oníyeyè, mo gé èkejì sí méjì. Mo rò pé ẹ̀ ń da agbára rẹ̀ nù.” Mo sọ ti eèrà, mo sọ ti yíìsì, mo sọ ti ṣúgà inú tíì. Mo rò pé á pariwo lé mi lórí. Mo fẹ́ kó pariwo.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa tí mo sọ ọ́, pé ẹni tí kò bá sọ ọ́, ṣe ni wọ́n á máa wá ohun mìíràn kiri nígbà tí àkókò ń lọ. Ó ní ọkàn kì í ṣe yíìsì, màmá. Ṣúgà ò wọ́n ọkàn rẹ̀ rí. Ọ̀nà tó máa fi lò ó ló wọ́n ọn. Gbogbo èyí tí mo tún dà sí i, ìgbà tí mo sì jẹ́ kí eré rẹ̀ pọ̀, mo ní kó ṣiṣẹ́ jù lórí ebi. Ó ní àwọn máa fa omi náà kúrò, àwọn á bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ padà láti kékeré. Mo ní ṣé á padà sí bó ṣe wà. Ó ní òun ò mọ̀. Mo gbà á gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ó ṣì wà láyé.

Eyínfúnjowó mú aṣọ wá fún mi. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì wọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, mo ti rò wọ́n ní búburú. Ó fà mí dìde kíá, ó ní àwọn èèyàn ń wò. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ka oògùn náà lòun ti mọ̀ pé kò dín kù. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Ó ní òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun má bi mí, pé tí òun bá bi mí, kí òun kó báàgì òun máa lọ.

Mi ò lóye rẹ̀. Mo ní bóyá kó má bàa sí ìjà ni. Ó kàn gbọn orí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n yọ rọ́bà nímú rẹ̀. Ó jẹun díẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ẹtì bí mo ṣe máa sọ ọ́, mi ò tíì sọ dé ìdajì tó ní òun mọ̀.

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mẹ́rin ni mo máa ń gbé mì, ó di mẹ́ta.”

Mo ní, “Ẹ wá dákẹ́? Ẹ sì ń gbà á lọ́wọ́ mi?”

Ó fa ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Mo rò pé èémí ló ń wá.

“Mo rò pé ó ti sú ọ ni. Èmi ń wa ọkọ̀ kiri, ìwọ dá àwọn ọmọ tọ́. Ìgbà tí mo wá dúró sílé, àìsàn ni mo gbé wá bá ọ. Mo ní tó bá ti sú ọ, kò burú. Ohun tó o bá fún mi ni kí n máa gbé mì.”

Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mo di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń sọ pé kí ẹ yè ni mo fẹ́, kí ẹ yè ni mo fẹ́. Mo sunkún débi tí ó fi ní kí n dákẹ́, kí nọ́ọ̀sì má lọ rò pé òun ti kú.

Mo ti fura sí dókítà. Mo fura sí oníkẹ́míìsì, mo fura sí àbúrò rẹ̀, mo fura sí eèrà pàápàá. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan wà nínú ilé yẹn tó ń fura sí mi, tó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń jẹ búrẹ́dì aládùn mi, tó ń wò mí. Ó rò pé mò ń pa òun. Ó sì lá ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Òjò ò rọ̀. Ọwọ́-Irin àti Eyínfúnjowó dá yan búrẹ́dì. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi. Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Ó ti fúyẹ́, kókósẹ̀ rẹ̀ ti yọ. Dókítà ní ọkàn náà rẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ, àwọn á máa gbé oògùn tó ń dín eré kù sókè díẹ̀díẹ̀, kí a máa wò ó. Kò ṣèlérí kankan.

Nígbà tí a délé, mo yọ kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé agolo bisikíìtì fún Eyínfúnjowó. Mo ní kí wọ́n máa fún ẹ̀gbọ́n wọn. Ó fẹ́ gbà á. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun lòun á ti máa gbà á, àfi tí ìyàwó òun bá ní ó ti rẹ òun. Mo ní kò rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Eèrà ti padà sídìí pó. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo da oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo gbé ife omi dání. Tẹ́lẹ̀, ó kàn máa ń jù wọ́n sẹ́nu ni, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Lónìí ó dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó tẹ ọwọ́ náà sí ibi iná, ó fi ìka kan tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń kà wọ́n. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé mò ń wo òun, ojú tì í.

Mo ní kó tún wọn kà. Ó tún wọn kà, ó gbé wọn mì, ó gba omi lọ́wọ́ mi.